Ọ̀RỌ̀ TÍ A FI Ń PE OHUN TÍ A KÒ MỌ̀

Ní ọdún yìí, a fẹ́ fi ojú ewé tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ èdè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nahawu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sarfu. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń pe ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ohun tí kò rí rí, ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti wá, ìwà tí kò bá tirẹ̀ mu.

Àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì òkè ní mọdírásà wa náà ni wọ́n ń lọ sí iléèwé ìjọba ní òwúrọ̀. Èdè mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń gbé ìtumọ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìdúró. Nígbà tí a bá dé ibi ìtàn Ànábì Ibrahim (kí ọlà Ọlọ́run máa bá a) àti àwọn àlejò rẹ̀ nínú Suratu Dhariyat, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan tí a kò ní rí ọmọ tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ munkaruna tí Ànábì Ibrahim fi pe àwọn àlejò náà sí "ènìyàn burúkú". Kò ṣòro láti mọ ibi tí ọmọ náà ti mú un wá. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ ọ nínú wáàsí pé kí á máa pàṣẹ ma'ruf, kí á sì máa kọ munkar. Ní etí tirẹ̀, munkar ni ọtí, munkar ni àgbèrè, munkar ni olè àti irọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó tẹ̀lé e nínú ìtàn náà. Ànábì Ibrahim yọ́ lọ sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀, ó gbé ọmọ màlúù tí ó sanra wá, ó gbé e súnmọ́ àwọn àlejò náà, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹun. Ta ni ó ń pa màlúù fún ènìyàn burúkú? Màlékà ni wọ́n, òun ni kò tíì mọ̀ wọ́n. Ohun tí ó sọ kò ju "ẹ̀yin tí a kò mọ̀" lọ.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni nun, kaf àti ra, ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ sì ni kí ènìyàn má dá nǹkan mọ̀. Nínú Suratu Yusuf, nígbà tí àwọn ọmọ Ànábì Yaqub wọlé tọ arákùnrin wọn ní Íjíbítì, òun dá wọn mọ̀, wọn kò sì dá a mọ̀. Láti inú gbòǹgbò yìí náà ni a ti mú ọ̀rọ̀ àìdánimọ̀ wọn, láti inú arafa tí ó bí ma'ruf ni a sì ti mú ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a mọ̀ ni ma'ruf, ohun tí a kò mọ̀ ni munkar. Lẹ́yìn èyí ni ma'ruf di ohun rere, tí munkar sì di ohun burúkú. A kò sọ pé ìtumọ̀ kejì yìí kì í ṣe òótọ́ o. Ìtumọ̀ ẹ̀sìn ni, àwọn onímọ̀ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Sharia ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́ munkar, kì í ṣe àṣà ìlú. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ilé tí ó ti wá, ẹni tí kò bá sì mọ ilé náà yóò sọ àlejò Ànábì Ibrahim di ọ̀daràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Lárúbáwá nìkan ni ó ní irú èyí, kí ó wá wo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní uncouth. Bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá lo ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ kan lónìí, èébú ni: ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́, aláìmọ̀wàáhù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kò ju "ohun tí a kò mọ̀" lọ. Un ni "kò", cuth sì ni "ohun tí a mọ̀", láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe wọn àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí mímọ̀. Ọ̀nà tí a kò gbà rí jẹ́ uncouth, ilẹ̀ tí a kò dé rí jẹ́ uncouth. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ọ̀nà àti ilẹ̀, ó bọ́ sára ènìyàn, ó sì di ẹ̀gàn. Ẹ fi í wé munkar. Àwọn Lárúbáwá àti àwọn Òyìnbó kò pàdé ara wọn láti ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn gba ojú ọ̀nà kan náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni outlandish. Ut ni "òde", land sì ni "ilẹ̀". Ará ilẹ̀ òkèèrè ni, kò ní àbùkù kankan nínú. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1611 fi ọ̀rọ̀ yìí pe àwọn ìyàwó tí Sulaimon fẹ́ láti inú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Lónìí, bí wọ́n bá ní aṣọ ẹnìkan jẹ́ outlandish, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín onítọ̀hún.

Èyí tí ó gbilẹ̀ jù nínú gbogbo wọn ni strange. Èdè Faransé àtijọ́ ni ó gbé e wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. Àwọn Faransé sì mú un láti inú Látìnì, níbi tí ó ti túmọ̀ sí "ti ìta". Ẹni tí kì í ṣe ti inú ilé, tí kì í ṣe ti inú ìlú, òun ni strange. Nínú Bíbélì ọdún 1611 yẹn, ọlọ́run strange ni òrìṣà ìlú mìíràn, obìnrin strange ni obìnrin tí kì í ṣe tẹni. Ọmọ tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní kà á yóò rò pé obìnrin tí ìwà rẹ̀ kò yé ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Ó dùn mọ́ wa láti sọ ọ́ pé Yorùbá kò ṣìnà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí kò jìnnà sí wa púpọ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ìwé náà yan ọ̀rọ̀ "àjèjì". Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹlẹ́sìn mìíràn ni, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́: ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ṣì dúró síbi tí ìtumọ̀ àtijọ́ wà, nígbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti rìn kúrò níbẹ̀.

Weird náà wà, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa sọ fún ohunkóhun tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Kádàrá ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ní àtètèkọ́ṣe, ohun tí a kọ mọ́ ènìyàn. Shakespeare, tí ó kú ní ọdún 1616, fi í pe àwọn àjẹ́ mẹ́ta tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nínú eré Macbeth. Àwọn òǹwòran rí ìrísí àjẹ́ náà, wọ́n gbàgbé kádàrá, ìrísí ni ó kù sínú ọ̀rọ̀.

Quaint ni ó yani lẹ́nu jù, nítorí ẹ̀yìn ni òun ń rìn. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí "ohun tí a mọ̀" ni ó ti wá. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ó di ohun tí a fi ọgbọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì wá di ohun àtijọ́ tí ó ṣe ènìyàn ní kàyéfì díẹ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a mọ̀ di ohun ìran!

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ odd, nítorí pé ó wúlò fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìmọ̀ hádíìsì. Kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àríwá Yúróòpù tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wá jagun tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú un wá. Ṣóńṣó ni ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí ohun tí ó ní igun mẹ́ta. Nítorí pé igun kẹta dá dúró láìní ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ náà di orúkọ iye tí kò ṣe é pín sí méjì: ẹyọ kan, mẹ́ta, márùn-ún. Àwa Mùsùlùmí mọ irú iye bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí pé òun ni wítìrì tí a fi ń kádìí ìrun alẹ́. Bí ènìyàn méjì bá ń jà tí ẹnu wọn kò kò, ẹni kẹta tí wọ́n bá pè láti dá ẹjọ́ náà ni àwọn ará àríwá yẹn ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ́ odd ní ayé ìgbà náà lè jẹ́ àgbà tí gbogbo ènìyàn ń dúró de ẹnu rẹ̀. Lónìí, bí wọ́n bá ní ènìyàn kan jẹ́ odd, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣe yàtọ̀, wọn kò sì fẹ́ jókòó tì í.

Kí ni èyí fi kan hádíìsì? Gbogbo ọmọ tí ó bá ti kọ́ Bayquniyya mọ̀ pé hádíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní gharib. Gharib ni wọ́n fi ń pe àjèjì ní Lárúbáwá. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ghain, ra àti ba, gbòǹgbò kan náà tí ó fún wa ní mọgáríbì, àkókò tí oòrùn bá wọ̀, àti ìwọ̀-oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó rìn jìnnà sí ilé, tí ó wọ̀ bí oòrùn ṣe ń wọ̀, òun ni gharib. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ hádíìsì, gharib ni èyí tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbà á wá ní ibì kan lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọ kan á gbọ́ gharib, wọ́n á rò pé hádíìsì tí kò ṣeé gbà ni. Hádíìsì tí Imamu Bukhari fi ṣí ìwé rẹ̀, èyí tí ó sọ pé èrò ọkàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́, gharib ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Umar nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, Alqamah nìkan ni ó gbà á lọ́wọ́ Umar, Muhammad ọmọ Ibrahim nìkan ni ó gbà á lọ́wọ́ Alqamah, Yahya ọmọ Sa'id nìkan ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó wá tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, kò sí àfáà tí ó ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Dídá dúró kì í ṣe àbùkù.

Àwọn onímọ̀ wa tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àjèjì di ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Wọ́n pè é ní Gharibul Kurani àti Gharibul Hadith, ìyẹn ìmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ létí. Abu Ubaid al-Qasim ọmọ Sallam, tí ó kú ní ọdún 224 lẹ́yìn Hijira, kọ ìwé lórí ti hádíìsì. Ibn Qutaibah, tí ó kú ní ọdún 276, kọ ti Kùránì. Ibn al-Athir wá ṣe èyí tí ó tóbi, Nihayah, tí àwọn àfáà ṣì ń ṣí wò títí di òní. Kò sí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ àjèjì sí ohun ìtìjú nínú wọn. A gbọ́ ọ pé Abdullahi ọmọ Abbas, tí wọ́n ń pè ní atúmọ̀ Kùránì, kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fatir dáadáa títí tí àwọn ará oko méjì fi gbé ẹjọ́ kànga wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀rọ̀ náà sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ gbẹ́ kànga náà. Ìgbà náà ni ó yé e pé fatir ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan láti ibi tí kò sí. Ará oko ni ó là á lọ́yẹ̀, kì í ṣe ará ìlú.

Bákan náà ni ajab, ìyanu. Nígbà tí wọ́n fún ìyàwó Ànábì Ibrahim ní ìró ọmọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ní ohun ìyanu ni èyí. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) pe àwọn Kuraiṣi sí Ọlọ́run kan ṣoṣo, wọ́n mú ọ̀rọ̀ láti inú gbòǹgbò yìí kan náà láti fi kọ̀ ọ́. Àwọn àlùjọ̀nnú gbọ́ Kùránì, wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ náà, àwọn sì fi gbà á gbọ́. Ọ̀kan fi yọ̀, àwọn kan fi kọ̀, àwọn kan fi gbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ẹnu tí ó sọ ọ́ ni ó yàtọ̀.

Wàyí o, Yorùbá tiwa ńkọ́? A ní àjèjì, a ní àlejò, a ní èèmọ̀, abàmì, àrà àti kàyéfì. Àlejò ni ó wù wá jù, nítorí pé ẹni tí a kò mọ̀ rí àti ẹni tí a ń se oúnjẹ fún ni ó ń pè pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní irú rẹ̀: guest wọn ìgbà náà lè jẹ́ ẹni tí ó wá kí ni, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ wọn ti pín, tiwa kò tíì pín. Bí àwọn àgbà bá ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran, wọn kò bú u. Wọ́n ń sọ fún onílé pé kí ó fi ọ̀nà hàn án ni. Àrà náà kò burú. Ẹni tí ó bá dá àrà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyìn ni ó ń gbà.

Èèmọ̀ ni ó le. Ní ayé àtijọ́, ibi púpọ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ń ka ìbí ìbejì sí èèmọ̀, tí wọn kò sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ náà yè. Ẹ wá wo Ìbàràpá lónìí. Ìlú Ìgbò-Ọrà tí ó wà nítòsí wa ni gbogbo ayé ń pè ní ìlú ìbejì. Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní agbègbè wa láti àwọn ọdún 1960, ó sì rí i pé nǹkan bí 45 nínú 1000 ìbí ni ó jẹ́ ìbejì, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń rí ní Yúróòpù lọ. Ìbejì kò yí padà láti ayé àtijọ́ títí di òní. Bí wọ́n ṣe ń bí ọmọ méjì nígbà náà ni wọ́n ṣe ń bí i báyìí. Àwọn ènìyàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ èèmọ̀ sì bọ́ kúrò lára rẹ̀, oríkì Ẹ̀jìrẹ́ ni ó rọ́pò rẹ̀.

Àwa Mùsùlùmí Yorùbá pàápàá, orúkọ àjèjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe ẹ̀sìn wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé láti inú Mali ni "Ìmàle" ti wá, nítorí pé àwọn oníṣòwò láti ìhà ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó mú ẹ̀sìn náà dé. Àwọn kan ń sọ pé "ìmọ̀ líle" ni. Èyí kejì dùn lẹ́nu lórí mínbárì, ṣùgbọ́n ti Mali ni a rí pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ẹ̀sìn tí ó ti wà ní gbogbo agbo ilé ní Lanlate lónìí jẹ́ orúkọ ará òkèèrè nígbà kan. Ó sì bá hádíìsì tí ó wà nínú Sahihu Muslim mu, èyí tí ó sọ pé gharib ni Islam nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, yóò sì padà di gharib. Ọmọ tí ó bá túmọ̀ gharib yìí sí "ohun burúkú" ti ba hádíìsì náà jẹ́ pátápátá, nítorí pé ìró ayọ̀ ni ó fi parí, fún àwọn àjèjì náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣẹ́ kù tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ìkẹyìn, nítorí pé ó ti kan ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ náà ni alien. Látìnì ni ó ti wá, "ti ẹlòmíràn" sì ni ó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn amòfin ni fún ìgbà pípẹ́, kò gbóná, kò tutù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà kéde pé alien tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ ní i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn pọ̀ ní àwọn ọjà Gánà nígbà náà. Àwọn kan ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn mìíràn sí, wọ́n sì gbọ́ èdè ibẹ̀ ju Yorùbá lọ. Wọ́n kó ẹrù wọn sínú mọ́tò, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ nílé. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn délé, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọmọ Gánà. Wọ́n jẹ́ àjèjì lọ́hùn-ún, wọ́n tún jẹ́ àjèjì níbí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan àwa náà láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìjọba Shagari fún àwọn alien tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde ní Nàìjíríà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, tí ó fi mọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ní ọ̀pọ̀ iléèwé gíga. Kíákíá ni wọ́n ní láti kó ẹrù, báàgì ńlá onílà gàgàrà tí kò wọ́n lọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí rà. Àwọn ènìyàn sì sọ báàgì náà ní Ghana Must Go. Títí di òní ni a ń ta á ní ọjà wa, orúkọ yẹn náà ni a fi ń rà á, òun sì ni àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ń kó aṣọ àti wàláà wọn sí nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa ní ilé-kéwú.